Fáìlì Kúrò Lórí Tábìlì, Orí Ta Ni Ó Bọ́ Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì tàbí ìtàn àròsọ tí a máa ń yẹ̀ wò nínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ bébà ni. Ọ̀rọ̀ fáìlì, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì. Ibi gbogbo ni a ti ń gbọ́ ọ báyìí pé ayé bébà ti ń kọjá lọ, pé kọ̀ǹpútà àti fóònù ni a ó máa fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, pé fáìlì tí a ń tò jọ gègèrè sínú kọ́bọ́ọ̀dù ti di ohun àtijọ́. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fi ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ láti kúrò nínú iṣẹ́ oníbébà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi àwọn ọ̀gá wa: nígbà tí bébà bá kúrò lórí tábìlì wọn, orí ta ni ó ń bọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Màmá àgbà mi, ìyá tí ó bí bàbá mi, jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìlú Oǹdó ni wọ́n ń gbé. Ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí Oǹdó àti Akúrẹ́ ṣì wà lábẹ́ Western State tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Wọ́n kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ tí a fi dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, tí Akúrẹ́ sì di olú ìlú. Ọdún 2009 ni wọ́n fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọdún 35 gbáko. Lọ́dún tí ó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá fi ara hàn ní ọ́fíìsì kan ní Akúrẹ́, kí a lè gbé orúkọ wọn sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní bí èyí bá ti parí, kò tún sí wàhálà ìwé mọ́ láéláé. Èmi ni bàbá mi ní kí n tẹ̀ lé wọn.

Ìdájí ni a ti wọ ọkọ̀ ní Oǹdó. Àpò ńlá kan, irú èyí tí a ń pè ní Gáná-mọ́ọ̀sì-gó, wà lórí itan Màmá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ṣebí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní ó jẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìjọba ni mo bá ṣiṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì. Mo mọ̀ wọ́n."

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó múra dáadáa ni a bá nídìí kọ̀ǹpútà. Orí tábìlì rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ewé bébà kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò yájú sí wa rárá. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì wá àga fún wọn. Ó gba nọ́ńbà NIN wọn, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ wọ́n. Kí ni ó fà á? Lẹ́tà "ṣ" wà nínú orúkọ wọn. Ní ìgbà tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, "sh" ni akọ̀wé tí ó kọ ìwé náà fi dípò lẹ́tà yìí, bí àwọn òyìnbó ti ń kọ ọ́. Àwọn tí ó forúkọ wọn sílẹ̀ fún NIN kọ "s" lásán, wọn kò fi àmì kankan sí abẹ́ rẹ̀. Lójú èmi tí mo ń kọ́ Yorùbá, orúkọ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ni, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì èkejì.

Ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí a ó mú wá. Ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ pé ẹnì kan náà ni ó ni orúkọ méjèèjì. Fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí. Fọ́tòkọ́pì ìwé tí a fi gbà wọ́n síṣẹ́, ti ìgbéga, ti ìfẹ̀yìntì, nítorí pé wọn kò rí fáìlì wọn tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀. Fọ́tò pélébé méjì. Ó ní kí a lọ sí káfè, kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ìwé náà, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a tẹ ojú ewé tí ó bá jáde níbẹ̀, kí a sì mú gbogbo rẹ̀ padà wá fún òun ní ìdì mẹ́ta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í ṣe ọ́fíìsì tí kò lo bébà mọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwa kò lò ó mọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ń lò ó."

Kò sọ ọ́ láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni ó sọ, n kò sì tíì gbọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ kúrú tó bẹ́ẹ̀. Bí a ti jáde síta ni a rí àwọn oníkáfè tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo, àwọn arúgbó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò bíi ti Màmá lórí itan wọn. Mo ka bébà tí a lò kí ilẹ̀ tó ṣú: ewé 43. Ọgọ́rùn-ún náírà ni ewé kan. Ìyẹn jẹ́ ₦4,300, láìka owó ìwé ìbúra, owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ àti ẹ̀kọ tí a jẹ lọ́sàn-án. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti dùn mí jù ni pé yíya àwòrán ìwé àti títẹ orúkọ sínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì ni. Akọ̀wé ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni a wá gbé iṣẹ́ náà fún, tí òun sì tún fi owó ara rẹ̀ kún un.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a padà sí ayé fáìlì. Ẹni tí ó bá ní ayé fáìlì dára, kò tíì bá máṣínjà ọ́fíìsì pàdé rí. Ta ni kò mọ "a kò rí fáìlì yín"? Ta ni kò mọ̀ pé fáìlì tí a kò rí láàárọ̀ lè yọ lọ́sàn-án bí a bá ti "rí" ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀? Ikán ti jẹ ìwé ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí. Òjò ti rọ̀ lé òmíràn lórí. Fáìlì Màmá gan-an tí wọn kò rí, ẹ̀rọ kọ́ ni ó sọ ọ́ nù. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó ti sọnù, ó sì lè jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Akúrẹ́. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwòrán náà sì wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, a kì bá tí máa rìn kiri nínú oòrùn.

Àwa tí a wà ní yunifásítì pàápàá jẹ nínú oore ẹ̀rọ. Ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Láti 2015, kò sí ẹni tí ó tún fi pẹ́ńsù kun ihò nínú bébà fún ìdánwò UTME mọ́. Òfin náà kò sì dí wa lọ́nà. Òfin Ẹ̀rí tí a ṣe ní ọdún 2011 ní abala 84 tí ó gba ẹ̀rí tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ní ilé ẹjọ́, àtúnṣe tí a sì ṣe sí òfin náà ní 2023 tún la ọ̀nà fún àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá ní òfin ni ó ní kí òun gba ìdì mẹ́ta lọ́wọ́ arúgbó, kí ó fi orí ìwé òfin náà hàn wá.

Bébà fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe àlejò ni? Kí ó tó dé, àrokò ni àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn; owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ, okùn tí a so pọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ní Oǹdó tiwa, ọdún 1877 ni Charles Phillips, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ CMS, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sílẹ̀. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní National Archives ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni àwọn onítàn sì ń lọ bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí Oǹdó ti rí ní ayé ìgbà náà. Bébà wọ̀nyẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọn kò béèrè iná ọba, wọn kò béèrè páṣíwọ́ọ̀dù, ẹni tí ó bá ṣáà ti lè kàwé yóò kà wọ́n. Mo máa ń bi ara mi pé àkọsílẹ̀ tí ọ́fíìsì kan ní Oǹdó ń kó sínú kọ̀ǹpútà lónìí, ta ni yóò lè ṣí i ní ọdún 2165? Bóyá ilé iṣẹ́ tí ó ta ẹ̀rọ náà fún wọn yóò ti kógbá sílé. Bóyá ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ páṣíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú sì ń jóná. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní láti jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, iná sọ ní ọ́fíìsì àjọ INEC ní Akúrẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ káàdì ìdìbò wò, 5,141 nínú wọn ni ó jóná. Ìdìbò gómìnà ku oṣù kan péré! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní ó tán. Síbẹ̀ ìdìbò náà wáyé ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá gẹ́gẹ́ bí a ti fi í sí, nítorí pé wọ́n rí ẹ̀rọ mìíràn kó wá láti ibòmíràn, orúkọ àwọn olùdìbò kò sì sí nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó jóná nìkan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, èyí ni àwọn àgbà wí. Bí ó bá ṣe pé inú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn nìkan ni gbogbo nǹkan wà, kí ni à bá ti wí?

Ẹ rántí ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun já nítòsí ìlú Abidjan ní Ivory Coast. Okùn já ní Ivory Coast, owó kò jáde ní báńkì ní Nàìjíríà. Ẹ sì rántí UTME ọdún 2025. Àṣìṣe wọ inú ẹ̀rọ tí ń máàkì ìdánwò, àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù ìlà oòrùn sì ní láti tún ìdánwò náà ṣe. Ọ̀gá àgbà àjọ náà jáde síta, ó gba ẹ̀bi rú, ó sì sunkún lójú gbogbo ayé. Mo yìn ín fún ìyẹn, nítorí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe ni ó burú jù. Àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo pé nǹkan kò rí bí ó ti yẹ kí ó rí. Bí kò bá sí ibi tí ènìyàn lè gbé ariwo rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò máa parọ́ lọ ni.

Ti owó ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láti fi owó lé owó wọn títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ́fíìsì ń sọ fún ìyá eléwé àti bàbá alágbẹ̀dẹ pé "ẹ lọ ṣe é lórí fóònù yín," bí ẹni pé fóònù tí wọ́n ń lò ju èyí tí a fi ń pe ọmọ ní Èkó lọ. N kò fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé iṣẹ́ tiwa nìyẹn, àwa tí a pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Wàhálà Màmá láti òwúrọ̀ di alẹ́ ọjọ́ náà, àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà kan ni ó fà á. Lẹ́tà kan! Kì í sì í ṣe Màmá nìkan. Ẹ wo Ṣadé, orúkọ tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ó jẹ́ Shade lórí ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, ó jẹ́ Sade lórí káàdì báńkì, ó sì tún padà di Shade lórí NIN, nítorí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu. Ní ayé fáìlì, akọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá yóò wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò ní, "Ṣadé náà ni." Ẹ̀rọ kò ní ojú tí ó fi lè mọ ìyẹn. Nígbà náà ni a ó wá lọ búra ní kóòtù pé Ṣadé ni Ṣadé. Àbí ẹ kò rí i pé bébà tí ẹ̀rọ ní òun fẹ́ lé lọ, òun náà ni ó tún ń bí i?

A kò lè sọ pé a kò tètè mọ bí a ó ṣe kọ èdè wa. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS ti jókòó ní Èkó lórí ọ̀nà tí a ó gbà máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Láti ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò nínú ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ Yorùbá. Irọ́ ni! Ètò lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Unicode, ní àyè fún ẹ, fún ọ, àti fún ṣ, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Àmì ohùn pẹ̀lú ní nọ́ńbà tirẹ̀, a ó kàn gbé e lé orí lẹ́tà ni. Òótọ́ ni pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Méjì ni a ń so pọ̀, ọ̀nà tí a sì lè gbà so wọ́n pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹni tí ó ṣe ètò náà kò bá fi ọgbọ́n sí i, orúkọ kan náà tí a tẹ̀ lórí fóònù méjì lè di orúkọ méjì nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò le fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ó ń ṣe fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wa kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé A dé Z ti òyìnbó nìkan ni àwọn yóò gbà, bí o bá sì tẹ àmì, yóò kọ pupa sí ọ pé o ṣàṣìṣe. Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní àṣìṣe!

Ó sì ju ọ̀rọ̀ orúkọ ènìyàn lọ. Bí a bá kó àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ kan sínú ẹ̀rọ láìsí àmì, tí ẹnì kan sì wá ọ̀rọ̀ "eko" nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ṣé Èkó ni yóò jáde ni, àbí ẹ̀kọ́, àbí ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ àkàrà? Gbogbo rẹ̀ ni yóò tú jáde pa pọ̀, ẹni náà yóò sì jókòó máa ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Nígbà tí àwọn baba wa ń sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa wo kọ̀ǹpútà kí a tó sọ ọ́. Mo mọ òbí kan ní Akúrẹ́ tí ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ yan orúkọ tí kò ní ẹ, tí kò ní ọ, tí kò ní ṣ nínú fún ọmọ òun ni, kí wàhálà má bàa pọ̀ fún un lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí ó sọ ọ́, àwọn tí ó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ka àròkọ yìí kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó ní mo kàn ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn ni. Ó ní ẹ̀rọ tí ó wà ní ọ́fíìsì náà lè lọ wá àkọsílẹ̀ Màmá lọ́dọ̀ NIN fúnra rẹ̀ láìsí fọ́tòkọ́pì kankan, bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún un. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọn kò tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè ní ayé fáìlì ni wọ́n ṣì ń béèrè, wọ́n wá fi káfè kún un. Bí ọ́fíìsì kan bá ti ní òun kò lo bébà mọ́, kí ó di èèwọ̀ fún un láti gba ewé bébà kan lọ́wọ́ aráàlú. Bí ó bá fẹ́ àwòrán ìwé ẹ̀rí, kí akọ̀wé rẹ̀ fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì yà á níṣojú ẹni tí ó ni ín, kí ó dá ojúlówó padà, kí ó sì fún un ní ẹ̀rí pé òun ti gbà á. Kí káńsù kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí yóò jókòó ti àwọn àgbàlagbà láti bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí ará Oǹdó má ṣe máa wọkọ̀ lọ sí Akúrẹ́ nítorí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe láti Oǹdó. Ṣebí torí kí ọ̀nà lè kúrú ni a ṣe ra ẹ̀rọ?

Kí ẹ má bàa rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá wí, ẹ gbọ́ èyí. Ẹgbẹ́ kan wà tí mo jẹ́ igbákejì akọ̀wé rẹ̀. A fi ìgbéraga sọ pé àwa kò ní lo ìwé ńlá mọ́, orí WhatsApp ni a ó máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé sí. Bí a ṣe ṣe é fún ọdún kan nìyẹn, títí olè fi yọ fóònù akọ̀wé wa lápò níbi tí ó ti ń ra ata ní Ọjà Ọba, Akúrẹ́. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún kan, orúkọ àwọn tí ó ti san owó ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ìjà tí a jà lórí ẹni tí ó ti san àti ẹni tí kò tíì san, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Nísinsìnyí, orí Google Drive ni ó wà, ènìyàn mẹ́ta sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ọdún bá parí, a ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó fi òwú rán an pọ̀, a ó sì gbé e fún alága. Bébà ewé bí ọgbọ̀n lọ́dún kan kò lè pa wá.

Màmá rí owó wọn gbà ní oṣù kẹta lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Oǹdó, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to ìwé padà sínú àpótí páànù wọn, ìwé ìbúra tuntun náà wà lókè pátápátá. Wọ́n fún mi ní bírò, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ orúkọ àwọn sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́, kí n má ṣe gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́. Wọ́n gbé awò wọjú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbà tí tíṣà ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò, wọ́n sì máàkì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Orí fóònù ni ìgbìmọ̀ olóòtú ti tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tí ó bá rí i pé àmì orúkọ òun sọnù níbẹ̀, kí ó wá rí mi kí sáà yìí tó parí, kí a lè tún un kọ kí ti ọdún tí ń bọ̀ tó jáde.